Ṣé Ó Ti Mọ́lẹ̀?

Kí oṣù kan tó dé ìdajì, Daulat ti ra iná ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjì, kò sì sí èyí tó mọ́lẹ̀ tó nínú méjèèjì. Àkọ́kọ́ rí bí òdòdó tó sorí kọ́. Orí tábìlì nìkan ló ń tàn sí, àfi bí ẹni pé kò mọ̀ pé èèyàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Èkejì funfun bí iná ilé ìwòsàn, bó bá sì ti tàn án báyìí, àwọn lẹ́tà inú ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó wo àwọn iná náà ló ń sọ pé wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun tó ń da orí obìnrin náà rú gan-an nìyẹn.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àpèkọ ní Muharram Bek, ní Alẹkisáńdíríà, kò sì sí ọmọ tó gbójú fo àmì ìdánudúró lójú ẹ̀ tó mú un jẹ. Ọkọ rẹ̀, tó wa táràmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro, títí tó fi fẹ̀yìn tì, ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ohun tó kù fún un kò pọ̀: bálíkónì tó kọjú sí ojú irin táràmù, kọfí tí kò ní ṣúgà, àti ìwé. Kì í ṣe ìwé ńlá. Ìwé ọ̀daràn àti ọlọ́pàá ni, àwọn pẹlẹbẹ tí lẹ́tà wọn kéré bí irúgbìn, tí àwọn onísọ̀ ìwé òpópónà Nabi Daniel máa ń gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti kà á tán. Láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun ló ti máa ń fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, á sì ka ogún ojú ewé. Ọkọ rẹ̀ á ti sùn sí apá ọ̀tún, iná á wà ní apá òsì, ó sì parí.

Ká ní tirẹ̀ nìkan ni, ì bá ti fi ìwé kíkà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i fọ́jú nínú ilé yẹn, orí ọ̀rọ̀ iná gan-an ni àìsàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà á jókòó sábẹ́ iná tó ń tàn, á ní, "Ẹ tan iná." Daulat ò ní ẹ̀mí àtisọ òótọ́ fún un. Á ní, "Wọ́n ti mú iná lọ, Màmá, gbogbo àdúgbò ló ṣókùnkùn." Ìyá á ṣépè fún àwọn oníná, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó tó ọdún kan gbáko tí wọ́n fi di ẹ̀bi ojú ìyá yìí ru àwọn oníná.

Rabab, ọmọ kan ṣoṣo tí Daulat bí, mọ ìtàn yìí dáadáa. Ìlú Tanta ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ apòògùn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ráhùn sí i lórí fóònù pé àwọn iná ayé òde òní ò mọ́lẹ̀ mọ́, ìtàn náà ló wá sí i lọ́kàn, ó ní:

"Màmá, mò ń bọ̀ ní Jímọ̀. Ẹ máa kàwé sí mi létí lórí bẹ́ẹ̀dì yín, pẹ̀lú iná yín. Tí ẹ ò bá rí i kà, ẹ máa bá mi lọ sí Tanta, a máa ti ilé yẹn pa. Ẹ ò ní dá nìkan fọ́jú sí òkè kẹta."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí Daulat pàdánù ilé rẹ̀, bí kò bá rí ìwé kà.

Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, kò sí ìṣòro nínú iná rírà. Àbẹ́là ni tọmọdé tàgbà fi ń ka agbára gílóòbù. Èèyàn á lọ bá oníṣọ́ọ̀bù pé òun fẹ́ alábẹ́là ogójì fún ilé ìwẹ̀, ọlọ́gọ́ta fún yàrá, ọlọ́gọ́rùn-ún fún pálọ̀ kí àlejò má bàa sọ pé wọ́n láhun. Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ wá ni gílóòbù tuntun gba ìlú, èyí tó funfun, tó lọ́ra pọ̀ bí ìfun àgùntàn, tí wọ́n ní kì í jẹ iná. Wọ́n kọ mọ́kànlá sára ọ̀kan, wọ́n kọ ogún sára òmíràn, àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì ń sọ pé ogún tuntun ni ọgọ́rùn-ún àtijọ́. Daulat bi wọ́n léèrè pé àbẹ́là mélòó ni mọ́kànlá. Ẹnì kan ní ọgọ́ta, ẹnì kan ní ogójì, ẹnì kẹta ní kí wọ́n gbàgbé àbẹ́là, ayé ti kọjá ibẹ̀. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ ní ju ìtumọ̀ rẹ̀ lọ, ó jáde síta, kò mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́.

Ní Ọjọ́rú, ó wọ táràmù lọ sí Attarine, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Wasfi, ẹni tí gbogbo èèyàn sọ pé kò sí irú iná tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òótọ́ sì ni. Láti òrùlé dé ilẹ̀, iná ló so kọ́, iná ló tò jọ, ti idẹ, ti gíláàsì, ti tánganran, ọ̀pọ̀ wọn ò sì tàn. Wasfi fúnra rẹ̀ sanra, ó ní irun imú, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

"Ṣọ́ọ̀bù wa ti mọ́lẹ̀, Àlàájà," ló fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìmọ́lẹ̀ onílé ni," Daulat dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń dáhùn láti ayébáyé nílùú wọn, níbi tí wọ́n ti máa ń kí àlejò káàbọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mú ilé mọ́lẹ̀.

Ó ṣàlàyé ohun tó ń fẹ́: iná tó lè tàn sójú ìwé, tí kò ní gún un lójú, tó sì lágbára tó alábẹ́là ọgọ́ta, ká má fi mọ́kànlá kankan dà á láàmú. Wasfi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó mú un lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn kì í dé, níbi tí bẹ́ẹ̀dì kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sùn lé, tó ní ìrọ̀rí, tó ní aṣọ, tó sì ní eruku. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn làwọn oníbàárà ti máa ń dán iná wò. Ó ní kí Daulat fẹ̀yìn tì í bíi pé ilé rẹ̀ ló wà. Ó wá fi iná kan há pákó orí bẹ́ẹ̀dì náà, lẹ́yìn èjìká òsì rẹ̀: ọrùn rẹ̀ gùn, ó ṣeé tẹ̀ síbi téèyàn bá fẹ́, wọ́n sì fi gíláàsì tó funfun bíi wàrà dé e lórí. Ó ṣèkìlọ̀ pé kó má máa ṣí gíláàsì náà, wáyà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn gílóòbù tuntun yìí dára, wọn kì í jóni lọ́wọ́, wọn kì í gbóná rárá.

Daulat yọ ìwé rẹ̀ nínú báàgì, ó fi awò ojú sójú, ó sì dúró. Ó gbọ́ tí nǹkan dún "tá" lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà ni ẹnì kan ké sí Wasfi láti iwájú pé èló ni wọ́n ń ta iná onígíláàsì tó wà lókè. Wasfi tọrọ àforíjì, ó rìn lọ sáàárín àwọn iná tó so kọ́, wọ́n sì ń kanra wọn gbáńgbáńgbáń bó ṣe ń kọjá.

Daulat wo ojú ewé náà. Òkùnkùn ló rí, àti nǹkan tó dà bí ìlà. Ó sún mọ́ ọn. Ó sún sẹ́yìn. Ó nu awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ké jáde láti orí bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì rí i dájú pé ohùn òun ò gbọ̀n:

"Ọ̀gá Wasfi, ṣé ó ti mọ́lẹ̀?"

"Ó ti mọ́lẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, Àlàájà," Wasfi dáhùn láti iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Daulat yọ awò ojú rẹ̀ sínú báàgì. Ó dìde jẹ́jẹ́, ó ká ìwé rẹ̀ pa. Kò fẹ́ kí àjèjì mọ̀ pé ojú òun ti ń lọ. Nígbà tí Wasfi fi máa padà dé, ó ti ń gbọn eruku kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀, ó ní iná náà wu òun, kó dì í fún òun. Nínú táràmù, ó gbé páálí náà sórí itan, ó ń wo òkun bó ṣe ń yọ láàárín àwọn ilé. Ó rí òkun. Ó rí ọkọ̀ ojú omi kan lókèèrè, kódà ó rí àsíá tó wà lórí rẹ̀. Irú ojú wo wá nìyí?

Nílé, ó há iná náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri, ó ti fèrèsé, ó tẹ súìsì. Ó dún "tá". Òkùnkùn. Ó fọwọ́ kan gíláàsì náà, ó tutù, àmọ́ Wasfi ti sọ fún un pé wọn kì í gbóná. Ó rí okùn ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tó gba abẹ́ fèrèsé wọlé. Ó rí ìka ara rẹ̀. Iná nìkan ni kò rí. Ó jókòó, ó ń rò ó bóyá ìfọ́jú kan wà tó máa ń ṣe àṣàyàn, tó ń mú èyí tó wù ú, tó sì ń fi ìyókù sílẹ̀.

Kó lè dá a lójú, ó ké sí Ìyá Hiṣam tó ń gbé lókè orí rẹ̀ pé kó sọ̀ kalẹ̀ wá. Obìnrin yìí máa ń sọ̀rọ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ, ó sì gbé àwo ìpanu kan lọ́wọ́ nítorí kì í wọlé èèyàn lọ́wọ́ òfìfo. Bó ṣe yọjú sẹ́nu ọ̀nà yàrá, Daulat bi í láti orí bẹ́ẹ̀dì:

"Ìyá Hiṣam, ṣé ó mọ́lẹ̀?"

"Ó mọ́lẹ̀ o, Ìyá Rabab. Ìmọ́lẹ̀ onílé ni."

Ó gbé àwo sílẹ̀, ó ń ròyìn àna ọmọ rẹ̀, kò sì tún wo apá ibi tí iná wà. Daulat ò gbọ́ ìkankan nínú ìròyìn náà. Ẹlẹ́rìí ti di méjì. Ohun tí òun fi ṣe ìyá òun ti padà dé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé àga sí bálíkónì, nínú oòrùn, ó sì ṣí ìwé náà. Àwọn lẹ́tà dúró gbọn-in, ó ń kà wọ́n geere. Ìyẹn tún wá da ọ̀rọ̀ náà rú pátápátá, ojú tó mọ ìwé lóde tí kò mọ iná nínú yàrá. Ó fẹ́ ronú sí i, ṣùgbọ́n ọ̀la ni Rabab ń bọ̀. Ló bá ṣe ohun tí kò jẹ́ kí ọmọ iléèwé kankan ṣe rí lójú rẹ̀: ó há ojú ewé àkọ́kọ́ sórí. Ó pè é fún ara rẹ̀ bí àpèkọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń dánu dúró àti ibi tí wọ́n ti ń mí. Àwọn tó ń kọjá nínú táràmù rí àgbàlagbà obìnrin kan tó ń fọwọ́ gé afẹ́fẹ́ lórí bálíkónì.

Rabab dé ní Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó gbé àdídùn Tanta wá, èyí tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe, ó sì fa àpótí ńlá kan tẹ̀lé ara rẹ̀. Àpótí náà ń fò lórí àtẹ̀gùn bí ohun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Ilé ti mọ́lẹ̀," Daulat wí, ó gbá a mọ́ra.

"Ìmọ́lẹ̀ onílé ni, Màmá."

Wọ́n jẹ ẹja díndín àti ìrẹsì aláwọ̀ igi tí àlùbọ́sà jóná sínú rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa gbogbo nǹkan àyàfi àpótí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n mu tíì tán, Rabab ti fèrèsé yàrá, ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ó yá."

Daulat fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ súìsì, ó gbé ìwé sókè. Òkùnkùn náà ò yàtọ̀ sí tàná. Ó wá bẹ̀rẹ̀:

"Ní aago méje àárọ̀, wọ́n bá télọ̀ náà lórí àga rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín ìka rẹ̀ méjì, kò sì sí òwú nínú abẹ́rẹ́ náà."

Ó ń lọ láìkọsẹ̀. Ó dánu dúró níbi tó yẹ. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó tilẹ̀ tutọ́ sí ìka láti ṣí ojú ewé kejì, ó wá wúkọ́ kí ó má bàa ní láti kà á.

"Ṣé o gbọ́?" ó béèrè.

"Mo gbọ́." Ohùn Rabab ṣe bákan. "Màmá, kí lẹ fi ń kà á?"

"Ojú mi ni."

"Nínú òkùnkùn?"

"Òkùnkùn wo? Iná wà lẹ́yìn mi."

"Kò sí iná tó ń tàn níbí, Màmá."

Daulat gbé ìwé sílẹ̀ lórí itan. Ó mọ gbólóhùn yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, nínú ilé yìí, fún obìnrin tó jókòó síbi tí òun jókòó sí. Ohùn jẹ́jẹ́ kan náà, ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ kan náà kí wọ́n tó sọ ọ́.

"Rabab, ọmọ mi," ó ní, "má fi ìyẹn ṣe mí. Ohun tí mo sọ fún ìyá àgbà rẹ nìyẹn. Bí iná bá ń tàn, sọ fún mi pé ó ń tàn. Màá di ẹrù mi."

"Kò tàn. Mo fi Ọlọ́run búra. Kò tàn."

"Ìyá Hiṣam rí i pé ó tàn. Wasfi rí i."

Rabab dìde, ó ṣí fèrèsé gbayawu, oòrùn sì ya wọ yàrá. Ó fa wáyà kúrò lára ògiri. Ó fọwọ́ yí gíláàsì funfun náà, ó yí i, ó yí i, títí tó fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó yọjú wo inú rẹ̀, ó wá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sì ki ìka rẹ̀ bọ ibi tó yẹ kí gílóòbù wà. Ihò lásán ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí.

Daulat fi ìka rẹ̀ sílẹ̀ nínú ihò náà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wọn òrùka.

"Wọ́n mà ní ó mọ́lẹ̀," ló sọ nígbẹ̀yìn.

Rabab fi fóònù pe nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ohùn Wasfi gba gbogbo inú yàrá náà. Ó ní ta ló ń fi gílóòbù sínú iná tà, iná ọ̀tọ̀, gílóòbù ọ̀tọ̀. Ó ní òun fẹ́ mú gílóòbù wá láti fi dán an wò ni oníbàárà kan dá òun dúró, kí òun sì tó padà dé, Àlàájà ti ní kí òun di ẹrù. Rabab bi í pé kí ló dé tó wá sọ fún ìyá òun pé iná tàn.

"Èmi? Mi ò sọ pé iná tàn o. Wọ́n béèrè bóyá ó ti mọ́lẹ̀, mo ní ó ti mọ́lẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti wọlé. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún àgbàlagbà obìnrin? Pé ṣọ́ọ̀bù mi ṣókùnkùn pẹ̀lú wọn?"

Ìyá Hiṣam, tó ti gbọ́ ariwo tó sì ti sọ̀ kalẹ̀, gbárùkù ti Wasfi láìmọ̀ ọ́n rí. Ó ní òun náà rò pé wọ́n ń kí òun ni, àfi bí Ìyá Rabab bá fẹ́ kí òun di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ ogbó. Nígbà tó yé e pé gílóòbù ló ń jẹ́ wàhálà, ó padà gòkè, ó sì mú ọ̀kan wá tí ó wé sínú ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ti àtijọ́ ni, alábẹ́là ọgọ́ta. Ó ní mẹ́jọ ni òun kó pamọ́ nígbà tí òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé wọn kúrò lọ́jà, kí wọ́n má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n fi í sí i. Wọ́n tún ti fèrèsé. Daulat tẹ súìsì, ìmọ́lẹ̀ rọra bo èjìká rẹ̀, ó pọ́n díẹ̀ bí oyin, ó sì gbóná sí i létí. Lọ́tẹ̀ yìí, Rabab ló ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀, sí àárín, síbi tí kò sẹ́ni tó lè há a sórí.

Daulat kà á. Kò yára, ṣùgbọ́n ó kà á, ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Nínú ìwé náà, ọlọ́pàá ti ń bá ìyàwó télọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó ku ìlà mẹ́ta kí ó dé ìsàlẹ̀, àwọn lẹ́tà di èèrà. Ó tẹ ọrùn iná náà mọ́ra sí i, méjì nínú ìlà náà padà di lẹ́tà. Ẹ̀kẹta, ó gbìyànjú. Ó fi èyí tó rí pọ̀ mọ́ èyí tó mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì kà á dópin.

Rabab ń wò ó. Kò wo ìwé, ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé ó mọ́lẹ̀ tó, Màmá?"

Daulat la ẹnu láti sọ ti ìlà kẹta fún un. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní tòótọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ó ti mọ́lẹ̀ látìgbà tó o ti wọlé."

Ọmọ náà dúró, kò mọ èyí tí ì bá mú nínú méjèèjì, bóyá èsì ni àbí ìkíni. Ó fẹ́ tún bi í, àmọ́ kò tún bi í. Ó ní òun á padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, káwọn jọ lọ rí dókítà ojú, kí ìyá òun má sì sọ pé ó di ìgbà míì. Daulat gbà, kò jiyàn.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Tanta fẹ́ gbéra ní ìrọ̀lẹ́, àpótí ńlá náà wúwo díẹ̀ ju bó ṣe wá lọ. Iná òdòdó àti iná ilé ìwòsàn ló wà nínú rẹ̀. Daulat ní kí Rabab kó wọn lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ojú tiwọn ṣì lágbára.

Lẹ́yìn náà ló padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lápá òsì, ó tẹ ọrùn iná náà sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, ó sì ṣí ojú ewé kejì, èyí tí kò tíì há sórí.